Ta Ló Máa Tọ́jú Ẹ̀ Tẹ́ Ẹ Bá Lọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Wiki Àti Ìwé Ìtọ́nisọ́nà Sọ́fítíwíà

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi Sátidé yín sílẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn kan ti Kubwa wá, àwọn kan ti Lugbe, ẹ sì mọ bí go-slow ṣe máa ń rí. Ohun tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé ni pé nínú àwọn irinṣẹ́ open source (èyí tí kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba) tí èèyàn fi ń ṣe wiki, ìyẹn ìwé orí kọ̀ǹpútà tí ẹni tó ń kà á náà lè tún ṣe, tí èèyàn sì fi ń kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún sọ́fítíwíà, èwo ni ká mú. Màá dárúkọ wọn, màá sọ ohun tí kálukú wọn mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí báyìí: ẹni tó máa kọ nǹkan síbẹ̀ àti ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀ lẹ́yìn yín ló yẹ kó pinnu irinṣẹ́ tẹ́ ẹ máa mú. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn èèyàn yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó wo sọ́fítíwíà kankan.

Ìdí ni pé Àbújá tá a wà yìí, ìlú àlejò ni. Kọ́pà á wá sìnlú fún ọdún kan, wọ́n á gbé sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò àti fáìlì gbogbo ọ́fíìsì, lé e lọ́wọ́ torí òun ló gbọ́ kọ̀ǹpútà jù nínú ọ́fíìsì, tó bá ti ṣe POP tán ó ti padà sí Ìbàdàn nìyẹn. Ẹni tó wà lórí contract, contract á tán. Òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á ní Maiduguri ló kàn. Àwọn tó já fáfá jù, wọ́n ti japa.

Mo wà ní ọ́fíìsì kan ní Utako lọ́jọ́ kan tí iná lọ, inverter náà kú, nígbà tí iná padà dé sáfà tàn lóòótọ́ ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi ń san owó oṣù ò dìde. Command kan wà tí wọ́n máa ń tẹ̀ kó tó dìde, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ti kúrò ńbẹ̀. Bí àwọn àgbàlagbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí WhatsApp sókè sódò nìyẹn, wọ́n ń wá voice note kan tí ọmọ yẹn fi ránṣẹ́ nígbà kan, ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù mọ́ etí kan, ó fi ọwọ́ di etí kejì nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì, ó ní "ó ní systemctl kí ni? kí ló sọ lẹ́yìn systemctl?" Wọ́n rí i nígbẹ̀yìn, ìlà kan péré ni. Àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń pe fóònù pé owó ò tíì wọlé. Ìlà kan yẹn ló yẹ kó wà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ open source? Owó wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ló ni nǹkan náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá ló ń lo Confluence, wiki tí iléeṣẹ́ Atlassian ń tà, irinṣẹ́ tó dáa ni, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ní February 2021 wọ́n dẹ́kun títa Confluence Server tuntun, nígbà tó di February 2024 wọn ò ṣètìlẹ́yìn fún un mọ́ rárá, ẹni tó gbé e sórí sáfà tiẹ̀ ní láti kó lọ sórí cloud wọn, ìyẹn sáfà tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó ra Data Center, ẹ̀dà mìíràn tó ń gbé orí sáfà ẹni. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń tà á. Ẹ rántí June 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara ẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi 460 lójú ìwé tẹ́lẹ̀, kò tó ọdún kan tó fi kọjá 1,500. Iye tẹ́ ẹ ń san ní dọ́là lè má yí padà rárá kí iye tó ń jáde lápò yín ti di ìlọ́po mẹ́ta. Tó bá jẹ́ open source, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, láísẹ́ǹsì ẹ̀ gbà yín láyè láti lò ó, láti tún un ṣe, láti gbé e lọ síbi tó bá wù yín, ẹnikẹ́ni ò lè jí lọ́jọ́ kan kó ní kẹ́ ẹ kó ẹrù yín.

Ẹ ṣọ́ra ṣá o, torí kì í ṣe gbogbo ohun tí kóòdù ẹ̀ wà lórí GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló jẹ́ open source. Outline, wiki kan nìyẹn, rẹwà, ó sì dùn ún lò, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì BSL (Business Source License) ló ní, kẹ́ ẹ lò ó fún ọ́fíìsì yín ò burú, kẹ́ ẹ máa fi ṣòwò fún àwọn ẹlòmíì bíi iṣẹ́ wiki ni wọn ò gbà. Ẹ máa ka fáìlì LICENSE yẹn, ó kéré, kò ní pa yín lára.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀rọ̀. Ìdílé méjì ni mo pín wọn sí. Ìdílé kìíní ni wiki fúnra ẹ̀, tó ń gbé lórí sáfà, tí ẹni tó ń kà á lè tẹ edit lójú ẹsẹ̀ kó tún nǹkan ṣe. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ward Cunningham, ló gbé àkọ́kọ́ irú ẹ̀ jáde ní March 1995, kí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà lè máa pín ohun tí wọ́n bá kọ́ nídìí iṣẹ́ láàárín ara wọn, àwa gan-an ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ìdílé kejì ni èyí tó jẹ́ pé inú fáìlì lásán lẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù yín, ẹ ó wá tẹ command kan tó máa sọ gbogbo ẹ̀ di ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù.

MediaWiki ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ torí òun ni Wikipedia ń lò. PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, Magnus Manske ará Jámánì ló kọ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Wikipedia sì bọ́ sórí ẹ̀ ní 2002. Ó lágbára, kò sí àríyànjiyàn. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀, pàápàá fún àwa tá a wà ní òkè Ọya níbí, ni pé àwọn èèyàn ti ń túmọ̀ àwọn bọ́tìnì ẹ̀ sí oríṣiríṣi èdè lórí translatewiki.net, Yorùbá wà ńbẹ̀, Hausa wà ńbẹ̀. Ẹnì kejì yín tó jẹ́ ọmọ Kano lè fi tiẹ̀ sí Hausa, kẹ́ ẹ fi tiyín sí Yorùbá, ojú ìwé kan náà lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ti túmọ̀ tán.

Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tó ní èèyàn márùn-ún tó lọ gbé MediaWiki kalẹ̀, trailer ló fi lọ ra búrẹ́dì. Ó ní database, àpótí tó ń kó ọ̀rọ̀ inú ojú ìwé pamọ́, tó gbọ́dọ̀ wà láàyè, ó ní upgrade tó gbọ́dọ̀ máa ṣẹlẹ̀ (ẹ di 1.43 tó jáde ní December 2024 mú, LTS ni, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́, ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa fi tọ́jú ẹ̀), tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣe backup, ẹ gbọ́dọ̀ gbé database, ẹ gbé àwòrán, ẹ gbé LocalSettings.php, ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Ta ló máa ṣe é nígbà tí kọ́pà bá lọ? Èyí tó wá burú jù fún ọ́fíìsì ni pé wọn ò ṣe MediaWiki fún ohun àṣírí. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn sọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kò dáa fún kí ẹnì kan rí ojú ìwé kan kí ẹlòmíì má rí i. Nítorí náà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù, ọ̀rọ̀ àìsàn òṣìṣẹ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e síbẹ̀, extension (àfikún) yòówù kí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sí i. Tó bá jẹ́ ohun gbangba ni, tí èèyàn púpọ̀ máa kọ, bíi ìtàn àwọn ìlú Ìgbómìnà tàbí ìwé ìlera fún gbogbo èèyàn, kò sí èyí tó tó o.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò ni DokuWiki. Andreas Gohr ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Jámánì ní 2004, PHP náà ni, ṣùgbọ́n kò lo database rárá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò lo database. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, fáìlì .txt ni. Ká ní ẹ ní apá kan tó ń jẹ́ owo, ẹ wá ṣí ojú ìwé kan síbẹ̀ tẹ́ ẹ pè ní tan_safa, tẹ́ ẹ bá wọ inú sáfà lọ sí data/pages/owo, ẹ máa bá tan_safa.txt ńbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi Notepad ṣí i, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ gan-an lẹ máa rí, kò sí ìdán kankan. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wà nínú data/attic, àwòrán wà nínú data/media. Backup ẹ̀ kò ju kẹ́ ẹ da fódà data àti fódà conf sínú flash lọ. Sáfà jóná, PHP kọ̀, ìtẹ̀jáde tuntun bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ yín ṣì wà tí ọmọdé lè kà lórí láptọ́ọ̀pù èyíkéyìí. Ẹ wo ọ́fíìsì tí iná ń lọ lójijì níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí iná tó lọ lójijì máa ń ṣe sí database tí wọn ò tọ́jú dáadáa. Fáìlì lásán ò rọrùn láti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní ACL tiẹ̀ látilẹ̀, ìyẹn òfin ẹni tó lè rí kí ni, ẹ lè ní kí àwọn ẹ̀ka account nìkan rí apá owo, kí àwọn tó kù má rí i. Àléébù ẹ̀ ni pé ojú ẹ̀ ti pẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ fani mọ́ra, àti pé bó ṣe ń kọ àkọlé yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé, àmì = mẹ́fà lápá ọ̀tún mẹ́fà lápá òsì ni àkọlé tó tóbi jù, tó bá dín kù àkọlé ń kéré sí i, tó bá jẹ́ MediaWiki ni, ìdàkejì ẹ̀ ni. Ọ̀kan tún kan àwa Yorùbá: tẹ́ ẹ bá pe ojú ìwé ní "Ìwé Owó", lórúkọ fáìlì ó máa yọ àwọn àmì yẹn kúrò, ó máa di iwe_owo, àyàfi tẹ́ ẹ bá pa deaccent nínú config. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ojú ìwé ò ní fara pa, gbogbo àmì ohùn yín máa wà digbí, orúkọ nìkan ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

BookStack ni mo máa ń tọ́ka sí tó bá jẹ́ pé àwọn tó máa kọ nǹkan kì í ṣe ará kọ̀ǹpútà. Ó ní pẹpẹ ìwé, lórí pẹpẹ ni ìwé wà, nínú ìwé ni orí wà, nínú orí ni ojú ìwé wà, àwọn màmá tó ń ṣe account ò nílò kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn, àfi kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bíi Word. Dan Brown ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2015, MIT ni láísẹ́ǹsì ẹ̀, PHP àti MySQL ló ń lò, ó lè yọ ìwé jáde sí PDF tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀gá tí kì í ka nǹkan lójú kọ̀ǹpútà. Pẹpẹ, ìwé, orí, ojú ìwé, ibẹ̀ ló parí sí, ẹ ò lè fi orí sínú orí, àwọn kan sì máa ń bínú sí i nítorí ẹ̀. Èmi rò pé oore ló ṣe wá, torí ọ́fíìsì tí wọ́n bá fún láyè kó máa kó fódà sínú fódà, ẹnikẹ́ni ò ní rí nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Database ló ní ṣá, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó máa ṣe backup ẹ̀.

Wiki.js dára lójú, Node.js àti PostgreSQL ló ń lò, ohun tí mo yìn ín fún ni pé ó lè máa ti gbogbo ojú ìwé lọ sínú Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà fáìlì, gẹ́gẹ́ bíi fáìlì Markdown, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tó ń fi àmì kéékèèké ṣe àkọlé, nítorí náà ẹ̀dà kan wà níta. XWiki, Java ni, ó tóbi, RAM tó ń jẹ kì í ṣe kékeré, iléeṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀ka IT tiẹ̀ ló lè bá a ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìdílé kejì, ti àwa tá à ń kọ kóòdù.

Níbí, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìwé àti kóòdù jọ máa gbé inú repo (ilé tí kóòdù ń gbé nínú Git) kan náà. Tí àbúrò kan bá yí bí API, ẹnu ọ̀nà tí ètò kan fi ń bá ètò mìíràn sọ̀rọ̀, ṣe ń gba nọ́ńbà fóònù padà, inú pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n gba àyípadà òun wọlé) kan náà ni kó ti yí ojú ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀ padà, kí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀ wò sì rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìwé bá wà lórí wiki níbòmíì, ó dájú pé kóòdù máa lọ, ìwé máa dúró síbi tó wà, lẹ́yìn ọdún kan ìwé yẹn á máa parọ́ fún yín. Ìwé tó ń parọ́ burú ju kí ìwé má sí rárá, torí èèyàn á gbà á gbọ́.

Sphinx ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Georg Brandl gbé e jáde ní 2008 fún ìwé èdè Python, ìwé kernel (ọkàn ètò) Linux náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2016. Ó lè wọ inú kóòdù Python yín lọ kó fa àlàyé tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ function jáde fúnra ẹ̀, ó ń yọ HTML, ó ń yọ PDF, tí lìǹkì kan nínú ìwé bá ṣìnà ó máa pariwo. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ìyẹn reStructuredText, ló ń lé èèyàn sá, ṣùgbọ́n MyST wà báyìí tẹ́ ẹ fi lè kọ Markdown. Fún àwọn tó ń kọ C++, Doxygen ti wà látọdún 1997, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ lò ó.

MkDocs ló rọrùn jù. Tom Christie ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2014, Markdown lásán ni, fáìlì config kan péré, mkdocs.yml. Ẹ tẹ mkdocs serve, ẹ rí i lójú ẹsẹ̀, ẹ tẹ mkdocs build, ó ti di fódà tẹ́ ẹ lè gbé sórí GitHub Pages lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá jẹ́ pé repo yín wà ní gbangba. Material for MkDocs, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ fún un, ló sọ ọ́ di arẹwà tí gbogbo ayé ń lò. Ní 2025 àwọn tó ń ṣe Material kéde pé àwọn ti ń ṣe irinṣẹ́ tuntun kan, Zensical, pé Material máa wà lórí ìtọ́jú lásán. Àwọn kan ti ń bẹ̀rù. Ẹ farabalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín wà nínú fáìlì Markdown, tí gbogbo irinṣẹ́ yìí bá kú lọ́la, fáìlì yẹn ò kú, ẹ máa gbé e wọ inú òmíràn. Ìdí tí mo fi ń yìn DokuWiki náà nìyẹn.

Docusaurus, àwọn Facebook ló gbé e jáde ní 2017, React ló wà nídìí ẹ̀. Tí sọ́fítíwíà yín bá ní ẹ̀yà púpọ̀ tí àwọn oníbàárà ṣì ń lo èyí àtijọ́, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìwé kan wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa pọ̀, ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n npm install ẹ̀, command tó ń fa ohun tó nílò wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan lè jẹ ọ̀pọ̀ dátà, fódà node_modules ẹ̀ sì wúwo, ẹni tó ń fi hotspot fóònù ṣiṣẹ́ ní Nyanya máa mọ̀ ọ́n lára. MkDocs ò ní ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú di, ó kan àwa tá à ń ránṣẹ́ lọ sí àwọn ìpínlẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dúró. HTML lásán ni ìdílé kejì yìí ń yọ jáde. Ẹ lè da ìwé Sphinx sínú flash, kẹ́ni tó wà ní abúlé kan ní Zamfara tẹ index.html lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí, àní search ẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ Material, ẹ tan plugin offline kí search lè ṣiṣẹ́. Fún MediaWiki, Kiwix wà, òun náà ni wọ́n fi ń ka Wikipedia láìsí dátà, ẹ lè sọ wiki yín di fáìlì ZIM kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì tó bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ pàdánù ìwé tó máa fi tún ẹ̀rọ ṣe.

Àǹtí kan béèrè pé ṣé èèyàn ò lè lo méjèèjì pọ̀. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ mà, ohun tí mo máa ń gbà wọ́n níyànjú gan-an nìyẹn: BookStack tàbí DokuWiki fún bí ọ́fíìsì ṣe ń ṣiṣẹ́, ta là ń pè tí sáfà bá kú, irú ẹ̀, MkDocs tàbí Sphinx fún kóòdù. Ẹ kàn kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ pé èwo ló ń gbé ibo, kí ọ̀rọ̀ kan má wà níbi méjì. Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ náà, ẹ wo ohun tí Daniele Procida pè ní Diátaxis, ó ya ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀, ó ya ìgbésẹ̀ iṣẹ́ sọ́tọ̀, ó ya àtẹ ìtọ́ka sọ́tọ̀, ó ya àlàyé ìdí sọ́tọ̀. Ẹni tí owó oṣù ń dúró dè kò ráyè ka ìdí tá a fi yan Linux, ìlà tó máa tẹ̀ ló ń wá.

Bọ̀dá kan lẹ́yìn ní gbogbo ohun tí àwọn ní wà nínú Word, pé iṣẹ́ ńlá ni láti tún un kọ. Rárá sà, ẹ má tún nǹkan kan kọ. Pandoc wà, open source ni, John MacFarlane ló kọ ọ́, ó ń ka Word, ó sì ń kọ Markdown, ó ń kọ ti MediaWiki, ó ń kọ ti DokuWiki. Ẹ tẹ pandoc sanwo.docx -t dokuwiki -o sanwo.txt, ẹ gbé sanwo.txt sínú data/pages, ẹ ṣí i, ẹ yẹ àwọn àtẹ wò torí ibẹ̀ ló ti máa ń ṣi, ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é.